Ìgbẹ́ Bàbá Onílé

Bàbá onílé kan láti Bàrígà wọ lábù wa ní Ṣómólú bí ẹni ń lọ gba oyè. Ó gbé páálí mílíìkì dání, ìgò ìgbẹ́ gbogbo ayálégbé rẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Táífọ́ọ̀dù ti mú ọmọ méjì nílé rẹ̀, ó sì ti dájọ́ kó tó dé: Ìyá Ẹlẹ́ja, opó ará Ìlàjẹ tó ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé, ló kó o wọlé.

"Bí ẹ bá ti rí i lára rẹ̀, ọ̀la ló ń kó jáde," ló wí. "Èmi nìkan ni mo ń fọwọ́ kan omi mímu ilé yẹn. Ọwọ́ tiwọn dọ̀tí. Mo fi ìgbẹ́ tèmi náà sí i, kí wọ́n má baà ní mo ṣojúsàájú."

Olódodo èèyàn!

Lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, àwọn kòkòrò inú ìgbẹ́ jọra wọn. Oúnjẹ la fi ń dá wọn mọ̀. A máa ń kó wọn sínú ìgò tó ní omi, oríṣi ṣúgà kan àti oògùn tó ń pa àwọ̀ dà. Èyí tó bá jẹ ṣúgà rẹ̀, omi rẹ̀ á pọ́n. A tún máa ń dojú ìgò kékeré kan dé sínú omi náà, kí a lè rí i bí kòkòrò bá só. Àwọn tí kì í ṣe wá ní nǹkan máa ń jẹ ṣúgà inú wàrà, wọ́n á sì só. Táífọ́ọ̀dù kì í fọwọ́ kan ṣúgà wàrà. Ṣúgà gúlúkóòsì ló ń jẹ, kì í sì í só rárá, ó sì lè wà nínú ẹni tí ara rẹ̀ le koko.

Ọ̀gá mi, Mísítà Ṣówándé, a máa sọ pé, "Èyí tó ń ṣe bí ọmọlúàbí yẹn ni kí o ṣọ́."

Nígbà tí a gbé èsì dé Bàrígà, ẹrù Ìyá Ẹlẹ́ja ti wà níta, òun náà jókòó tì í, ó ń sunkún. Inú bí mi gan-an. Ọ̀gá mi bẹ Bàbá pé kí àwọn jọ sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀.

"Rárá! Gbangba ni kí ẹ ti kà á!"

Ọ̀gá mi kà á. Kò sí táífọ́ọ̀dù lára Ìyá Ẹlẹ́ja, kò sí lára ayálégbé kankan. Ó wá ku ìgò kan.

"Bàbá, ẹ̀yin ni."

"Irọ́! Ẹ ti pààrọ̀ ìgbẹ́ mi!"

"A tún un ṣe, sà. Kò só."

Ìyá Ẹlẹ́ja nu ojú rẹ̀, ó kúnlẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá. Ṣé ọ̀la náà lẹ máa kó?"