Ìṣílé Bọ́ọ̀sì Bàbá Mi

Òórùn bẹntiróòlù ni mo fi ń rántí ọdún Àjíǹde ní Ìlọ́fà, ìlú bàbá mi, kì í ṣe ti ìrẹsì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi fa okùn jẹnẹrétọ̀ títí òógùn fi bò ó kó tó dún, èéfín sì gba gbogbo agboolé.

Ìlú ńlá là ń gbé. Bàbá mi ò tíì kọ́lé sí Ìlọ́fà, ẹni tí ò sì kọ́lé, ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí nípàdé ẹbí. Ó wá ra bọ́ọ̀sì àlòkù, ó yọ àga inú rẹ̀, ó gbé bẹ́ẹ̀dì, fáànù àti gílóòbù sí i, ó to bátìrì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, bi í pé, "Ulé rẹ dà?", ó nawọ́ sí bọ́ọ̀sì.

"Òun ló gbé mi wá yìí."

Ó ní a ó ṣí i bí wọ́n ṣe ń ṣílé tuntun, ó ránṣẹ́ sí olùkọ́ ìjọ. Jẹnẹrétọ̀ ń ṣáájì bátìrì lọ. Mítà kékeré kan wà lára ọkọ̀: pupa ni tí iná bá tán, àwọ̀ ewé tó bá kún. Kò pẹ́ tó fi di àwọ̀ ewé. Bàbá mi ń pe èèyàn wá wò ó bí ẹni ń fi ọmọ tuntun hàn. Ìyá mi ní kó pa jẹnẹrétọ̀ ná, kó tún un wò, pé bóyá iná jẹnẹrétọ̀ ni mítà ń kà, kì í ṣe ti bátìrì. Bàbá mi ní ṣé kò rí i pé ó ti kún ni.

Nígbà tí ẹbí pé, ariwo ò jẹ́ ká gbọ́ àdúrà. Bàbá mi pa jẹnẹrétọ̀, ó wo ojú Bàbá Àgbà. Olùkọ́ ìjọ ò tíì dé ibi orúkọ onílé tí fáànù fi bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Mítà di pupa. Gílóòbù kú.

Bàbá Àgbà rọra ní, "Àbúrò, ulé rẹ tètè sùn."

Ẹ̀rín tèmi ló pọ̀ jù. Bàbá mi tún lọ fa okùn. Olùkọ́ ìjọ ń lọgun àdúrà bí ẹni ń polówó oògùn eku, ìgbà tí ẹnu rẹ̀ dúró la ṣe àmín. Wọ́n fún bàbá mi ní yàrá, ó kọ̀, inú bọ́ọ̀sì ló sùn pẹ̀lú ẹ̀fọn.

Èmi náà ti dàgbà, yàrá kan ni mo háyà nílùú ńlá. Bàtà ọ̀rẹ́ mi ni mo yá wọ lọ sí Ìlọ́fà lọ́dún tó kọjá. Bàbá Àgbà bi mí nípàdé ẹbí bóyá iṣẹ́ ń lọ. Mo ní ó ń lọ dáadáa, mo sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́. Bàbá mi, tó ṣì jókòó lẹ́yìn, gbójú sókè wò mí. Ó mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ tèmi ṣì ń dún. Kò rẹ́rìn-ín.