Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Yá Nítorí Àlejò

Fìrì-fìrì-fìrì. Ìró tí Bàdírátù kọ́kọ́ mọ̀ láyé nìyẹn: ẹ̀gẹ́ tí ìyá rẹ̀ ń rin lórí páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu, ní ẹ̀yìnkùlé wọn ní Mọ́níyà. Bí ìró náà bá dákẹ́ lójijì, ọmọ náà á dìde lórí ẹní, torí ó mọ̀ pé páànù ti gé ìyá òun níka. Ìyá á fi ìka sẹ́nu, á pòṣé, ìró á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ yẹn dàgbà, ó kàwé, ó sì ríṣẹ́ ìjọba ní Sẹkitéríàtì, níbi tó ti ń bójú tó ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní àwọn ìlú kéékèèké. Ó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1996, láìsí ẹni tó lé e, ó kọ̀wé fi í sílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tí kì í ṣe ti ìjọba ti ń pọ̀ nígbà náà, àwọn tó nílò ìrànlọ́wọ́ wọn kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀. Bàdírátù ní òun á dá dúró, òun á máa là wọ́n lọ́nà, wọ́n á sì máa sanwó iṣẹ́ fún òun. Kọ́ńsọ́ltáǹtì ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀.

"Kọ́ńsọ́ltáǹtì?" ni Tàjúdéènì ọkọ rẹ̀ wí. "Àwọn tí mo mọ̀, UCH ni wọ́n wà, ikùn èèyàn ni wọ́n ń là. Ikùn ta ni ìwọ fẹ́ là?"

"Tiyín ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, Bàbá Muslimah."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́, torí onílé wọn ní Àgbowó kì í gbọ́ àlàyé bí owó ilé bá pé.

Ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ṣàánú rẹ̀. Ó ní òun kò tíì fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀. Bó bá yí ọkàn padà, kó wọlé ní àárọ̀ Mọ́ńdè, torí lẹ́yìn ìyẹn, ó parí. Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú Mọ́ńdè yẹn gan-an ni àlejò láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú kan ní Èkó fẹ́ wá wo iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Bàdírátù gbà. Àwọn obìnrin tó ń ṣe gààrí ní Mọ́níyà ló gbà á níṣẹ́. Ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń wá. Bí àlejò bá fọwọ́ sí i, Bàdírátù ti dẹni tí àwọn ẹgbẹ́ mìíràn á máa wá. Bí kò bá fọwọ́ sí i, Sẹkitéríàtì ló kù.

Arábìnrin Jẹ́jẹ́lọlá ni àlejò náà ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ó fi mọ́tò gbé Bàdírátù láti Àgbowó títí dé ẹnu ọ̀nà àgbàlá tí àwọn obìnrin náà ti ń ṣe gààrí. Níbẹ̀ ni Bàdírátù ti gbọ́ ọ: tùkù-tùkù-tùkù. Ìró ẹ̀rọ ni, ní àgbàlá tí kò ní ẹ̀rọ.

Wọ́n ti gbá gbogbo ilẹ̀. Wọ́n ti háyà àga. Àwọn obìnrin wọ léèsì. Láàárín wọn, ẹ̀rọ kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé ń rú èéfín. Kò sí páànù kan ṣoṣo nílẹ̀.

Jẹ́jẹ́lọlá wo ẹ̀rọ náà títí. "Ẹ sọ fún mi pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ fún mi láyè díẹ̀."

Bàdírátù fa Ìyá Sàídì, olórí ẹgbẹ́, lọ sẹ́yìn ilé ìdáná.

"Ẹ̀rọ ta nìyẹn, mà?"

"Ti Àlàájì Ṣàmsúdéènì. Ó ṣe é wò, àbí?"

"Ta ló ní kẹ́ ẹ yá a?"

"Ìwọ ni! Nígbà tí kọmíṣọ́nnà ń bọ̀, ta ló kó maṣíìnì ìránṣọ wá láti Dùgbẹ̀, tó ní ká jókòó tì í ká máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, àwa tí a ò mọ̀ ọ́n rán?"

Òótọ́ ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Sẹkitéríàtì nìyẹn: ẹni ńlá á dé, á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ya fọ́tò, ẹrù á sì padà sọ́dọ̀ oní-nǹkan.

"Ti ìjọba nìyẹn, mà. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ yín ni eléyìí wá wò."

"Ta ló ń fi ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹ̀ han àlejò? Ẹni tó bá bá mi nínú ẹrẹ̀, inú ẹrẹ̀ ló máa fi mí sí. Panu mọ́, jàre."

Nígbà tí wọ́n padà, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ti wà lọ́wọ́ Jẹ́jẹ́lọlá. Bí Bàdírátù bá dákẹ́, obìnrin náà ń lọ nìyẹn. Bó bá sì sọ̀rọ̀, ó dójú ti àwọn ìyá tó fọkàn tán an níwájú àjèjì. Mọ́ńdè wá sọ́kàn rẹ̀: àga rẹ̀ àtijọ́, maṣíìnì ìránṣọ mìíràn, kọmíṣọ́nnà mìíràn.

Ó wọ ilé ìdáná, ó fa páànù kan jáde lábẹ́ ẹní tí wọ́n fi bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ó jókòó lórí àpótí níwájú àlejò, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì mú ẹ̀gẹ́ kan nínú agbada tí wọ́n bó o sí.

"A yá ẹ̀rọ yẹn ni, mà. Tiwa rèé."

Fìrì-fìrì-fìrì. Ẹnì kan pa ẹ̀rọ.

Jẹ́jẹ́lọlá súnmọ́ Ìyá Sàídì. "Ẹ jẹ́ n rí ọwọ́ yín, Ìyá."

Ìyá Sàídì kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìborùn. Àlejò dúró. Ó pẹ́ kí ọwọ́ kan tó yọ, tòun ti àpá lórí gbogbo ìka.

"Mo máa sọ ohun tí mo rí fún wọn ní Èkó," ni Jẹ́jẹ́lọlá wí. "Èmi nìkan kọ́ ló ń pinnu."

Nígbà tí mọ́tò lọ tán, Ìyá Sàídì yíjú sí Bàdírátù. "O bọ́ wa síhòòhò. Bí ẹ̀rọ bá dé, a máa gbà á. Ìwọ, má padà wá síbí mọ́."

Wọ́n kó àga, wọ́n ti ẹ̀rọ Àlàájì lọ, kálukú wọlé lọ bọ́ léèsì. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bó ṣì kún agbada, bẹ́ẹ̀ ni kò ní í ṣeé lò bó bá dọ̀la. Bàdírátù mọ̀ pé ọ̀gá òun á máa wo ẹnu ọ̀nà ní Mọ́ńdè. Kò ní í rí òun.

Ó fa agbada mọ́ra. Páànù gé e lẹ́ẹ̀kan. Ó fi ìka sẹ́nu, ó pòṣé, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó rin èyí tó gbẹ̀yìn, ó rọ gbogbo rẹ̀ sínú àpò, ó so ẹnu rẹ̀, ó gbé òkúta lé e, ó sì lọ fọ páànù.