Ọrun Tí Mo Fi Tọrọ Ìyàwó

Ẹnu mi ló kó bá mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ kí bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́, ní àdúgbò Asawase nílẹ̀ òkèèrè tí a ń gbé, ó bi mí pé irú ilé wo ni mo ti wá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa ni, abọ́ tánganran ló ń tà, kì í sì í tètè rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́, bàbá tó bí i ń ta okùn. Èmi dáhùn pé, "Ilé ọlọ́dẹ ni, Bàbá. Ọfà la fi ń jẹun."

Ó wò mí títí. "Ó dáa. Mú ọrun ẹ wá ní Sátidé. Ìbẹ́pẹ kan ti pọ́n lẹ́yìnkùlé mi. Tó o bá ta á bọ́, kí àwọn ẹbí ẹ wá. Tó o bá tàsé, wallahi, rédíò ni kó o lọ fẹ́."

Rédíò ni mo ń tún ṣe ní Adum nígbà náà. N kò di ọrun mú rí láyé mi.

Bàbá Frafra kan, ará apá àríwá, ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọrun àti ọfà ni ohun ìjà rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń gbẹ́ wọn. Mo bẹ̀ ẹ́, ó kó ọrun mẹ́ta wá. Mo ṣà á bí ẹni ń ṣa aṣọ ọdún: mo mú èyí tó gùn jù, tí wọ́n fi awọ pupa wé. Mo fà á, kò mira. Ó fi Hausa sọ fún mi pé apá la fi ń yan ọrun, kì í ṣe ojú, ó sì na èyí tó kéré jù sí mi. Inú bí mi. Èyí tí ọmọdé fi ń lé ẹyẹ ni kí n gbé lọ síwájú àna? Aláwọ pupa ni mo rà.

Ó ku ọfà. Ó ní kí n fi iná yá igi títí yóò fi tọ́, kí n sì fi ìyẹ́ awó sí ìdí rẹ̀. Mo tọrọ àjákù igi wáwá, arère tiwa, lọ́wọ́ káfíńtà kan ní Asafo, mo gbẹ́ ẹ, mo yá a lórí àdògán ìyá mi. Méjì jóná, mẹ́fà tó kù tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. N kò rí awó, ṣùgbọ́n ìyá mi ní àkùkọ. Waya inú rédíò ni mo fi so ìyẹ́ rẹ̀ mọ́ igi.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi figbe ta nínú agboolé: "Ei! Hwɛ! Ẹ wò ó! Ta ló bọ́ ṣòkòtò lára àkùkọ mi?" Mo dorí kodò sídìí iṣẹ́ mi.

Sátidé dé. Mo gbé ọrun kọ́ àyà, mo gbé àpò ọfà kọ́ ẹ̀yìn. Bàbá ọmọ náà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì jókòó síwájú ilé wọn, ọmọbìnrin náà ń yọjú lójú fèrèsé. Kí n tó ronú, ara mi ti ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti kékeré: mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Gbàà! Ọrun kán sí méjì lábẹ́ àyà mi. Gbogbo ọfà dà gba orí mi kọjá, ó di ẹsẹ̀ Bàbá. Ojú tì mí débi pé n kò lè dìde. Mo mọ̀ pé mo ti pàdánù ọmọ yẹn.

Bàbá mú ọfà kan, ó yí i wò. "Ọsán já, ọrun dọ̀pá la máa ń gbọ́. Ọsán tìẹ ò tilẹ̀ já, ọ̀pá méjì ló dà! Waya wá nìyí? Ṣé ọfà ni àbí éríà rédíò?"

Ilẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, irọ́ ni mo pa. Okùn la ń tà. Rédíò nìkan ni mo mọ̀."

"Mo mọ̀. Ọwọ́ bàbá bàbá ẹ ni mo ti ń ra okùn tí mo fi ń di abọ́." Ó wọlé, ó gbé rédíò kan jáde tí kò sọ̀rọ̀ láti ìgbà ààwẹ̀. "Èyí ńkọ́? Ṣé irọ́ ni òun náà?"

Tẹ́sítà tí mo fi ń tú rédíò kì í kúrò lápò mi. Mo tú rédíò náà, mo rí ibi tó ti já, mo tú waya kúrò lára ọfà, mo fi so ó. Ìròyìn Hausa bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Bàbá tẹ́tí sí i, kò wò mí. "Kí àwọn ẹbí ẹ wá ní Jímọ̀. Igi gbọọrọ wà lẹ́yìnkùlé, lọ fi já ìbẹ́pẹ yẹn fún wa."

Lọ́jọ́ yìgì wa, àkùkọ yẹn wà lára ohun tí ìyá mi kó wá, ìrù rẹ̀ kò sì tíì hù. Ìyá mi ṣì ń bèèrè ẹni tó fà á tu. Ìyàwó mi ṣí àpótí rẹ̀, ó fi ọfà kan hàn mí tó ti ń tọ́jú láti Sátidé yẹn, ìyẹ́ àkùkọ ṣì wà nídìí rẹ̀, ó sì rọra ti àpótí náà pa.