Ìró Tí Mo Fi Bo Àpótí Múónì

Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí sílẹ̀ ló gbé àpótí irin kan wọ ilé wa ní Festac, ó gbé e ka orí tábìlì mi, ó ní múónì lòun fẹ́ kà.

Mo ní, "Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ó ní nǹkan tíńtìntín tójú ò lè rí ni, ó ń já bọ́ láti òkè tọ̀sán tòru. Bí ọ̀kan bá ti gba inú àpótí kọjá, iná ara rẹ̀ á ṣẹ́jú, ẹ̀rọ á sì kà á.

"Níbo ni wọ́n ń gbà wọlé? Ṣebí èèyàn ń gbé lókè wa?"

"Wọ́n ń gba inú ara àwọn náà kọjá ni, Màmá."

Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ní yunifásítì ni o. Ọjọ́ Ajé ni olùkọ́ rẹ̀ ń retí rẹ̀, bí ẹ̀rọ bá sì kú pẹ́nrẹ́n, àtúnbẹ̀rẹ̀ ni. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ wáyà ẹ̀." Ló bá gba Mile 2 lọ, ó fẹ́ ra bátìrì tí yóò gbé e ró bí iná bá lọ.

Kò pẹ́ tó jáde tí òjò ṣú, tí àrá sán gbàá! Mo yọ wáyà tẹlifíṣọ̀n, mo yọ ti fíríìjì. Ó wá ku àpótí, tó ń dán bíi dígí, tí mànàmáná ń kọ lára rẹ̀. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, bí àrá bá ń sán, a kì í fi dígí sílẹ̀ láìbò. Bí mo bá yọ wáyà, mo ba iṣẹ́ ọmọ jẹ́. Bí mi ò bá ṣe nǹkan kan, àrá lè wá kí wa nílé. Mo tú ìró àǹkárá ìdí mi, mo fi bò ó dáadáa, mo jókòó tì í tèmi ti yẹ̀rì.

Ọmọ wọlé, omi ń ro lára rẹ̀. Bó ṣe rí i pé tẹlifíṣọ̀n ti kú, ó figbe ta: "Màmá! Ẹ ti pa á!"

"Mi ò pa nǹkan kan. Mo wọṣọ fún un ni."

Ó ṣí ìró, ó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ. Àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ṣì ń wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀! Ohun tó gba inú dẹ́kì kọnkéré orí wa kọjá, ṣé àǹkárá ló máa dá a dúró?"

"Ṣé wọ́n ń gba inú èmi náà kọjá?"

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí yín."

"Wọn ò sì kí mi rí!"

Lọ́jọ́ Ajé, ó fi ìró náà wé àpótí kí òjò má baà pa á, ó gbé e lọ. Olùkọ́ gba iṣẹ́ rẹ̀, inú wa dùn. Àpótí ti padà sọ́dọ̀ àwọn tó ni ín. Ìró mi ni mi ò tíì rí. Kọ ìyẹn náà sí i.