Hámúdà àti Ìbòjú Ìyàwó

Lára àwa obìnrin tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ní àfonífojì wa lábẹ́ òkè Sínáì, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bíi ti Hámúdà. Ògiri kan ló wà láàárín ilé mi àti tirẹ̀. Látìgbà tí Suwélímù ọkọ rẹ̀ ti já bọ́ lórí àpáta níbi tó ti ń wá ewúrẹ́ tó sọnù, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kán, abẹ́rẹ́ ló ń bọ́ àwọn méjèèjì.

Gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ kò kún agolo tíì kan: abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín bí irun, òwú, ìda oyin, àti ẹ̀mú kékeré tó fi ń tẹ ìkọ́ ẹ̀gbà ọrùn. Á fi ìda ra òwú kó má baà tú, á da ìlẹ̀kẹ̀ sórí aṣọ onírun kó má baà yí kiri, á wá ki abẹ́rẹ́ bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ̀ẹ̀kan ni ti ọ̀lẹ," bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Nígbà tí ọmọ Gánámà fẹ́ lọ sílé ọkọ, Hámúdà ni wọ́n ní kó ṣe ìbòjú ìyàwó. Gánámà yìí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Suwélímù, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó wá gbà á. Ó tú u wò, ló bá figbe ta.

"Hámúdà! Ṣé ilé ọkọ lọmọ mi ń lọ ni, àbí ó fẹ́ lọ ṣọ̀fọ̀? Dúdú lo tò síwájú orí yìí!"

"Pupa ni, ìyálé mi."

"Pupa bíi ti ìdí ìkòkò! Ìwọ náà wò ó!"

Hámúdà gbé e sún mọ́ imú, ó yí i sí oòrùn.  Ìgbà yẹn ló yé mi pé ojú rẹ̀ ti ń lọ.

Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé ó ti tó ọdún kan tí dókítà ìlú etí òkun ti sọ fún òun pé ìríran tó ti lọ kò ní padà, èyí tó kù náà ò ní pẹ́ lọ. Títí di ọjọ́ náà, kò sọ fún ẹnì kankan, títí kan ọkọ rẹ̀.

Suwélímù sọ̀rọ̀ láti orí ẹní: "Gbé àtẹ ìlẹ̀kẹ̀ yẹn wá síbí."

"Iṣẹ́ obìnrin?" Gánámà ní. "Wọ́n á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ o!"

"Kí wọ́n máa bọ̀. Ṣé mo lè sá ni?"

Hámúdà tú iwájú orí náà. Ọkọ ń ṣa àwọ̀, ó ń pè é, ìyàwó ń sín in. Mò ń gbọ́ wọn láti ẹ̀yìn ògiri.

"Pupa. Pupa. Funfun méjì."

"Mẹ́ta lo fún mi."

"Ìwọ lo kà á ṣì, afọ́jú."

Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà fi ìbòjú náà ṣègbéyàwó, ẹnikẹ́ni ò sì rí àbùkù kankan lára rẹ̀.

Nígbà òtútù, ojú egbò tí ìdùbúlẹ̀ dá sí Suwélímù lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Ibà mú un fún ọjọ́ márùn-ún, ó sì kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wẹ̀ ẹ́ ní òun bá ìlẹ̀kẹ̀ kan láàárín ìka rẹ̀.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, mo lọ jókòó ti Hámúdà, mo ní kí n máa pe àwọ̀ fún un. Ó sín ìlà méjì, ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"O ṣeun, ọmọ ìyá mi. Ó tó."

"Ṣé mo ṣì í pè ni?"

"Rárá. O máa ń tètè pè é jù. Òun, á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ ná."

Ìlẹ̀kẹ̀ funfun nìkan ló ń rà báyìí. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè àwọ̀ mọ́.