Yàrá Ẹ̀yìn ní Labone

Raqeebah Àkànó, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, kó kúrò ní yàrá tó wà lẹ́yìn ilé kan ní Labone, ní ìlú Accra, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Inú yàrá náà ló ti ń gbé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ o. Òun náà ló ṣì ń tún ilé ọ̀hún ṣe fún àwọn àlejò tó ń háyà rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n àdúgbò Sabon Zongo ló ti ń wá báyìí, nínú ọkọ̀ akérò tróòtróò, bí ẹni tó ń lọ sílé onílé.

Accra ni wọ́n bí i sí. Ọmọ kékeré ni nígbà tí ìjọba ní kí àwọn àjèjì máa lọ, ní 1969, tí àwọn òbí rẹ̀ sì gbé e padà sí Ọ̀fà. Ọ̀fà ló dàgbà sí, ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ sì ti wá fẹ́ ẹ, tó tún mú un padà wá sí Accra. Ọkùnrin náà ń ta ìkòkò àti abọ́ ní ọjà Okaishie. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Kàsímù, tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Ìlọrin báyìí, tó sì máa ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù nígbà tí iṣẹ́ bá dẹwọ́.

Nígbà tí ọkọ kú, Ọmọ́wùnmí ló gbà á sílé. Ọmọ Àkúrẹ́ ni Ọmọ́wùnmí, báńkì ló ń bá ṣiṣẹ́ ní Accra. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà náà, kò sì rí ẹni tó máa bá a tọ́jú ọmọ. Ẹ̀yìn Raqeebah ni ọmọ náà, Ọláyẹmí, ti dàgbà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti ń sùn lọ́sàn-án, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì ti kọ́kọ́ na ọwọ́ sí ewé máńgòrò inú ọgbà, tó ń wá ọ̀nà àtijá a. Èdè Yorùbá ni wọ́n ń sọ nínú ilé yẹn láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, ariwo kì í sì í tán níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Ọmọ́wùnmí àti ọkọ rẹ̀ rí iṣẹ́ sí Kánádà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, Ọmọ́wùnmí di Raqeebah mú lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá Kàsímù, ẹ má lọ síbì kankan. Ilé yín nìyí. Ẹ kàn máa bá wa tún un ṣe fún àwọn tó bá fẹ́ sùn síbẹ̀."

"Ìyá Yẹmí, níbo ni mo tún fẹ́ lọ?"

Ọ̀rọ̀ Ọmọ́wùnmí yẹn ni Raqeebah gbójú lé. Obìnrin náà kò bẹ̀rù àìsàn, kò bẹ̀rù ogbó. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kí wọ́n sọ pé kó jáde ní yàrá ẹ̀yìn yẹn, nítorí kò tún sí ibòmíràn ní Accra tí ẹnikẹ́ni ti pè é ní ìyá ilé.

Ilé náà bọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gbé àpótí irin kékeré kan kọ́ ẹ̀gbẹ́ géètì, inú rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé. Àlejò á dé láti pápákọ̀ òfuurufú, á tẹ nọ́ńbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, á ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé ẹ kú àbọ̀, kò sẹ́ni tó máa gbé omi fún un kó tó jókòó. Níbẹ̀rẹ̀, Raqeebah máa ń gbé omi tútù dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ́wùnmí ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, pé àwọn àlejò ìsinsìnyí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó gbọ́. Ó wá ń gbé omi náà sínú fìríìjì.

Ìgbà tí wọ́n bá lọ tán ló tó máa ń wọlé. Tó bá ti ṣílẹ̀kùn, á ní, "Ẹ kú ilé o," bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́nì kankan. Á ṣí gbogbo fèrèsé kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, á bọ́ aṣọ orí ibùsùn, á kó tówẹ̀lì inú balùwẹ̀ jọ, á sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ síbi ẹ̀rọ ìfọṣọ. Á bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ láti yàrá tó wà nínú pátápátá bọ̀ ní pálọ̀. Ẹni tí kò rí lójú, ohun tó fi sílẹ̀ ló fi ń mọ̀ ọ́n: ààbọ̀ kẹ́ńkẹ́, irú ẹ̀kọ ará Accra kan, tó ti gbẹ nínú ewé, ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé kan lábẹ́ àga, ibùsùn ńlá tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sùn sí. Nígbà míì, á dúró ti irú ibùsùn bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó bọ́ aṣọ orí rẹ̀. Tó bá parí, á ti ilẹ̀kùn, á padà sí yàrá ẹ̀yìn. Tí àwọn mìíràn bá sì ti dé, kò gbọ́dọ̀ yọjú.

Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2023 yìí ni tọkọtaya kan dé láti Èkó, Olútáyọ̀ àti Lọ́pẹ́ ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní Rẹ̀mílẹ́kún. Láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, Raqeebah ń gbọ́ bí Lọ́pẹ́ ṣe ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ nínú ilé ìdáná. "Ta ló ni mí? Ṣé ìwọ lo ni mí? Ó yá, jẹun, olówó orí mi." Ó pẹ́ tí ó ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé yẹn. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ ògiri.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Olútáyọ̀ lọ sí ọjà fóònù ní Circle láti lọ tún fóònù rẹ̀ ṣe. Kò pẹ́ tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Raqeebah ń gbọ́ omi tó ń dà nínú balùwẹ̀. Igbe ọmọ náà ń pọ̀ sí i. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ẹ kú ilé o! Ìyá ọmọ! Ọmọ ń sunkún o!"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ohun tí ìyàwó ilé Ọ̀fà èyíkéyìí máa ṣe ló ṣe. Ó wọlé, ó gbé ọmọ, ó fi ìborùn rẹ̀ pọ̀n ọ́n. Ọmọ náà gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e lẹ́yìn, ó mí kanlẹ̀. Raqeebah bá gbé e jáde sínú ọgbà, sábẹ́ igi máńgòrò, níbi tó máa ń gbé Ọláyẹmí lọ, ó sì ń mì í díẹ̀díẹ̀ títí tó fi sùn.

Lọ́pẹ́ jáde ní balùwẹ̀, ó bá ibùsùn lófìfo àti ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Igbe tó ké dé òpópónà. Ọlọ́dẹ ilé kejì sáré wọlé pẹ̀lú igi lọ́wọ́, ó ń fi èdè Twi bèèrè ibi tí olè gbà.

"Ta ni yín? Ọmọ mi dà? Ọmọ mi dà?"

"Ẹ fara balẹ̀, ìyá ọmọ. Òun rèé. Ó ti sùn."

"Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀! Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kíákíá!"

Raqeebah ń tú ìborùn, kò tètè tú. Lọ́pẹ́ já ọmọ gbà. Ọlọ́dẹ wo Raqeebah, ó wo ọmọ, ó sọ igi rẹ̀ sílẹ̀. "Ah, Alata màmá, ìwọ náà ni?" ló sọ, torí Alata ni wọ́n ń pe Yorùbá ní Accra, ó sì padà síbi tó ti wá.

Nígbà tí Olútáyọ̀ dé, tó gbọ́, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó jókòó, ó kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì níbi tí àwọn tó ń wá ilé ti ń kà á: obìnrin kan tí wọn kò mọ̀ ṣílẹ̀kùn wọlé, ó sì gbé ọmọ wọn jáde. Kò purọ́ kankan mọ́ ọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Lọ́pẹ́ wá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn.

"Màámi, ẹ má bínú. Ọmọ kan ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ rí, kí n tó bí eléyìí. Nígbà tí mi ò rí i lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú mi ṣú."

"Dìde, ọmọ mi, ilẹ̀ ń tutù. Ta ló ń bínú? Ṣé ó sùn dáadáa lóru?"

"Ó sùn, ma. Mo ti ní kí Táyọ̀ pa ohun tó kọ rẹ́. Wọ́n ní kò ṣe é pa rẹ́ mọ́."

"Kò burú. Ọlọ́run á dá a sí fún ọ."

Wọ́n lọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Àwọn méjì tó ti fẹ́ gba ilé náà tẹ̀lé wọn ka ohun tí Olútáyọ̀ kọ, wọ́n ní àwọn kò wá mọ́. Lẹ́yìn náà ni Ọmọ́wùnmí pè láti Kánádà.

"Màmá Kàsímù, kí ló gbé yín wọlé?"

"Ọmọ ń sunkún."

"Mo mọ̀, ma. Ṣùgbọ́n ọmọ àlejò ni."

"Ọmọ ṣáà ni, Ìyá Yẹmí."

Ọmọ́wùnmí wá ní àwọn tó ni ibi tí wọ́n ti ń polówó ilé náà ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ máa gbé inú ọgbà mọ́ tí àlejò bá wà níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn á yọ ilé náà kúrò. Iṣẹ́ ṣì wà, ó ní. Sísùn níbẹ̀ ni kò ní sí mọ́.

"Màámi, ẹ sọ nǹkan kan. Ẹ bú mi."

"Kí ni mo fẹ́ bú ọ sí? Yẹmí ńkọ́?"

"Ó ti lọ sí iléèwé."

"Bá mi kí i."

Àmúdà, àbúrò ọkọ Raqeebah, tó ń ta wáyà àti gílóòbù ní Okaishie, ló gbé ọkọ̀ wá kó ẹrù rẹ̀. Ẹrù náà kò kún ọkọ̀.

"Ìyàwó wa," ni Àmúdà wí, bó ti ń di okùn, "o ti wá rántí ilé ọkọ lónìí."

"Ọkọ mi, ẹ ò wá mú mi láti ọjọ́ yìí. Mo rò pé ẹ ti kọ̀ mí ni."

"Èmi? Ta ló ń kọ ìyàwó tó mọ ilé gbá tó báyìí?"

Raqeebah rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n jáde ní géètì, kò bojú wẹ̀yìn.

Yàrá tí Àmúdà fún un ní Sabon Zongo dára, wọ́n kó páálí gílóòbù kúrò níbẹ̀ kó lè ráyè. Àwọn ọmọ ilé ń bọ̀wọ̀ fún un. Tó bá fi Yorùbá bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á gbọ́, wọ́n á fi Twi dá a lóhùn, wọ́n á sì padà sídìí fóònù wọn. Tó bá dọwọ́ alẹ́, gbogbo ilé á kún fún ènìyàn, òun nìkan á sì jókòó sínú yàrá rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ padà lọ ṣiṣẹ́, Ọmọ́wùnmí ti ní kí wọ́n kun yàrá ẹ̀yìn ní ọ̀dà funfun, kí wọ́n sì kan pákó mọ́ ògiri. Ibẹ̀ ni aṣọ ibùsùn àti tówẹ̀lì á máa gbé. Raqeebah nu ẹ̀kán ọ̀dà tó dà sílẹ̀, ó fọ fèrèsé, ó sì to àwọn tówẹ̀lì sórí pákó, ńlá lábẹ́, kékeré lókè. Ibi tí orí ibùsùn rẹ̀ máa ń wà ni ìrọ̀rí bọ́ sí. Ó ti ilẹ̀kùn, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà sínú àpótí irin.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, ìyá kan àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ń bọ̀ láti Kumasi. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n ní àwọn á dé. Raqeebah á ti tún ilé ṣe tán, á sì ti kúrò níbẹ̀ kó tó di aago méjì.