Ọkọ̀ Pupa Aláìlórùlé Tí A Lọ Wádìí Rẹ̀ ní Òkukù

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Inísà, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, ẹ̀gbọ́n mi Àkànbí rí ọkọ̀ kan ní Òkukù, oorun kò sì kùn ún mọ́. Àkànbí yìí náà la ṣẹ̀ṣẹ̀ sin o. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá jókòó, màá dìde. Bí mo bá dìde, n kò mọ ibi tí mò ń lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkọ̀ náà fún yín, bóyá ara mi á balẹ̀.

Ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì ni, pupa fòò, kò ní òrùlé àfi tapólì tí wọ́n ń ká bí ẹní. Bàbá Ajéwọlé ló fẹ́ tà á. Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi, ó sì ti fọ́nnu fún àwọn àna rẹ̀ ní Igbayè pé mọ́tò lòun máa fi gbé Dúpẹ́, ìyàwó òun, wálé. Ọjọ́ ìyàwó ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí kò bá rí i rà, ìtìjú ni. Bó bá sì ra èyí tí kò dára, ọmọ ọlọ́mọ ló fẹ́ gbé sínú ewu yẹn.

Bàbá wa ní, “A kì í gbé ìyàwó láìwádìí. Ẹ lọ wádìí mọ́tò náà bí a ṣe ń wádìí ọmọ.”

Ni Ìyá Rẹ̀mí, àbúrò bàbá mi tó máa ń ṣe alárinà, bá wé gèlè, wọ́n mú mi dání. Nígbà tí a dé Òkukù, wọn ò tiẹ̀ yà sílé olọ́kọ̀. Ilé kejì ni wọ́n wọ̀, níbi tí Ìyá Gàníyù ti ń yan gààrí.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Mọ́tò pupa ilé kejì yìí, ṣé ó máa ń tètè jí?”

Ìyá Gàníyù rẹ́rìn-ín títí gààrí fi fẹ́ jóná. “Kí ló ń jẹ́ jíjí? Àràárọ̀ là ń tì í! Ọkọ mi tó ní làkúrègbé, ọwọ́ tiẹ̀ náà wà níbẹ̀. Bó bá wá jí tán, á máa wúkọ́, èéfín á bo aṣọ tí mo sá.”

“Ìwà ńkọ́?”

“Ìwà rẹ̀ ò burú. Omi ló ń mu bí ẹṣin.”

Nígbà tí a délé, ẹ̀gbọ́n mi fò sókè. “Ìyá Rẹ̀mí, ẹ̀yin tí ẹ ò mọ bọ́nẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí búùtù!”

“N ò mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń tì í ni mo mọ̀.”

Ẹ̀gbọ́n mi mú Múfú mẹkáníìkì láti Ìkìrun, wọ́n lọ ní òwúrọ̀ kùtù. Múfú gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ti gbóná. Wọ́n ti tì í kí àlejò tó dé! Ó fa irin tí wọ́n fi ń wọn òróró ẹ́ńjìnì yọ, òróró ti dà bí ògì, omi ti wọ̀ ọ́. Nígbà tí àwọn méjèèjì jókòó sínú rẹ̀, ilẹ̀kùn há, kò ṣí mọ́.

Múfú ní, “Ọkọ̀ tí kò lórùlé, férémù abẹ́ rẹ̀ nìkan ló gbé e dúró. Bí ilẹ̀kùn bá há nígbà téèyàn jókòó, ẹ̀yìn rẹ̀ ti kán nìyẹn.”

Orí ilẹ̀kùn ni wọ́n gbà fò jáde. Ẹ̀gbọ́n mi yí ọkọ̀ náà po, ó tún yí i po. Bàbá Ajéwọlé ń pariwo pé oníbàárà mìíràn ń bọ̀ láti Òṣogbo. Kẹ̀kẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi gùn lọ sí Igbayè, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun kò rí mọ́tò rà mọ́.

Ìyá Dúpẹ́ fà á dìde. “Ta ló bi ọ́ léèrè mọ́tò? Ìwọ la wádìí.”

Lọ́rì ni wọ́n fi gbé ìyàwó wọlé, tìlù torin.

Lónìí, orí fóònù làwọn ọmọ-ọmọ mi ti ń yan ọkọ̀. Wọ́n ní fídíò ti fi gbogbo rẹ̀ han àwọn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àbí ta ni wọn ì bá bi? Ògiri ti ga láàárín ilé sí ilé ní Ìkìrun, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́lé sí. Lọ́jọ́ tí a sin ẹ̀gbọ́n mi, aládùúgbò rẹ̀, tó ti ń gbé lẹ́yìn ògiri yẹn tipẹ́tipẹ́, yọjú ní géètì. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó wá rọra béèrè pé:

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, ta ló kú níbí?”